Iyara eje laarin iyara okan: ẹ jẹ́ ká tún un wò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n tó dábàá pé ká pe iṣẹ́ tí MRI, ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara, ń ṣe fún ọkàn ní "wíwọn ìyára ẹ̀jẹ̀ láàrin ìyàrá ọkàn", ẹ ṣeun gan-an, àmọ́ ẹ wo bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ lókè yẹn láìfàmì sí i, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù nìyẹn. Èwo ni eré, èwo ni yàrá? Èmi fara mọ́ ìyẹ̀wù, torí inú lọ́hùn-ún ni ìyẹ̀wù máa ń wà. Mẹ́rin lọkàn ní, méjì lókè tó ń gba ẹ̀jẹ̀, méjì nísàlẹ̀ tó ń tì í jáde.

Kì í sì í ṣe eré nìkan lẹ̀rọ yẹn ń wá. Òòfà inú ẹ̀ ló ń bá háídrójìn inú omi ẹ̀jẹ̀ ṣiṣẹ́, àmì tí èyí tó ń rìn ń dá padà yàtọ̀ sí ti èyí tó dúró, bó bá ṣe ń sáré tó ni ìyàtọ̀ yẹn ṣe máa pọ̀ tó. Lójú kọ̀ǹpútà, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sápá kan lè funfun, kí èyí tó dorí kọ òdìkejì dúdú, ẹran ara tí ò mira á rí bí eérú. Wọ́n á wá fi eré yẹn sọ fífẹ̀ ojú ibi tó gbà kọjá di ìlọ́po kí wọ́n tó mọ iye mìlílítà tó kọjá nígbà tọ́kàn lù lẹ́ẹ̀kan. "Ìwọ̀n ìṣàn" ló gba eré àti iye méjèèjì.

Èyí tó ń dùn mí jù ni "jíjò" tí wọ́n ń lò fún ilẹ̀kùn ọkàn (valve), ìyẹn ohun tó ń ṣí tó sì ń pa dé kẹ́jẹ̀ lè máa gba apá kan ṣoṣo lọ. Ẹ sọ fún aláìsàn pé ilẹ̀kùn ọkàn ẹ̀ ń jò, ẹ̀jẹ̀ tó ń kán sínú àyà ló máa rò, ọkàn ẹ̀ á pami! Bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ò jáde síta, ilẹ̀kùn ni ò pa dé dáadáa, díẹ̀ wá ṣẹ́rí padà síbi tó ti ń bọ̀. Ká kúkú pè é ní ìṣẹ́rípadà. Tó bá wá jẹ́ pé ihò ló wà lára ògiri tó pín ọ̀tún àti òsì, ìyẹn yàtọ̀, ṣe lẹ̀jẹ̀ yà bàrá, mo dábàá ìyàbàrá. Wọ́n á wọn èyí tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró àti èyí tó ń lọ sára yòókù, ó yẹ kí méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí ti ẹ̀dọ̀fóró bá fi pọ̀ jù, a jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń yà láti òsì sọ́tùn-ún nìyẹn.

Ilẹ̀kùn fúnra ẹ̀ ò tíì tẹ́ mi lọ́rùn o. Ilẹ̀kùn ilé, ẹni tó wọlé lè gba ibẹ̀ jáde, tọkàn ò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ta ló ní èyí tó dáa jù?