Wọ́n ní ọsibítù wa ní pátínà l'ókè òkun, ṣé wọ́n á gbé ọmọ lọ ni?

Ìyá Ìbejì Kubwa
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ dákun ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, orí mi ti dàrú. Ọmọ àbúrò mi ni, ọmọ ọdún mẹ́fà, Minna ni wọ́n ń gbé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ló wú, a rò pé eyín ni, wọ́n tiẹ̀ ti yọ eyín méjì fún un, àfi bó ṣe tún ń wú sí i, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ó ti dà bí ẹni tó fi odidi ọsàn há ẹ̀rẹ̀kẹ́. La bá gbé e wá sí Abuja níbí, wọ́n gé díẹ̀ lára ẹ̀ lọ sí lábù, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni, Burkitt ni wọ́n pè é. Dókítà wá ní ká fọkàn balẹ̀, pé àwọn ń bá ọsibítù kan l'ókè òkun ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí jẹjẹrẹ ọmọdé. Inú wa dùn, a ti ń sọ̀rọ̀ páspọ́ọ̀tù. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì àbúrò mi wá ní òun mọ ọ̀nà, ká mú ₦350,000 wá fún fọ́ọ̀mù kí orúkọ ọmọ lè tètè wọlé. Àbúrò mi ti fẹ́ ta kẹ̀kẹ́ Napep tó fi ń jẹun. Ẹ jọ̀ọ́, pátínà yìí, ṣé wọ́n á gbé ọmọ lọ ni àbí báwo?

Nọ́ọ̀sì Gwags
Ẹ kú wàhálà ọmọ mà. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹni yẹn o, ẹ lọ bi dókítà yín bóyá fọ́ọ̀mù kankan wà, ẹ ó gbọ́ èsì.

Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tó ní jẹjẹrẹ ni mo wà, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa. Ọmọ ò kúrò ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ àwọn dókítà wa á jókòó síwájú láptọ́ọ̀pù, wọ́n á gbé scan ọmọ síbẹ̀, àwọn tọ̀hún á wò ó, wọ́n á jọ sọ ọ́ títí wọ́n á fi fẹnu kò (tí iná bá lọ, hotspot fóònù ẹnì kan la máa ń fi parí ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́). Èyí tí wọ́n gé lọ sí lábù náà, wọ́n lè ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ kí ojú kejì bá wa yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n sì ń kọ́ àwa nọ́ọ̀sì, ìyẹn gan-an ló ràn mí lọ́wọ́ jù. Oògùn jẹjẹrẹ kan wà tó ń jẹ́ vincristine, tó bá jò kúrò nínú iṣan, ẹran ọwọ́ ọmọ á jóná, mo ti rí i lẹ́ẹ̀kan, mi ò fẹ́ rí i mọ́.

Burkitt tí ẹ gbọ́ yẹn, orúkọ dókítà oníṣẹ́ abẹ kan tó jẹ́ ọmọ Ireland ni, Denis Burkitt, Uganda ló ti rí i lára àwọn ọmọ, ó kọ ọ́ jáde ní 1958. Ibi tí ibà ẹ̀fọn ti pọ̀ ló ti wọ́pọ̀. Kò sí jẹjẹrẹ tó ń yára wú bíi tiẹ̀, ṣùgbọ́n kẹ́mò, ìyẹn oògùn jẹjẹrẹ, náà ń tètè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Oṣù díẹ̀ ni ìtọ́jú ẹ̀, kì í ṣe ọdún, ẹ má jẹ́ kí páspọ́ọ̀tù jẹ ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀.

Ọmọ Ọ̀fà Wuse
Ẹ máa bínú sí mi o, àmọ́ mo ti rí pátínà rí níbi iṣẹ́ mi àtijọ́. Wọ́n ta bánà, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n jẹ ìrẹsì àti ṣíkínì, nígbà tó fi máa pé ọdún méjì, ẹ̀rọ tí wọ́n gbé wá ti di ibi tí wọ́n ń gbé páálí lé. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ ọ́ ní 2018 pé tó bá fi máa di 2030 kí ó kéré tán 60 nínú 100 ọmọ tó ní jẹjẹrẹ máa yè, lọ́dọ̀ àwọn olówó ó ti ju 80 lọ, ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tálákà kò tó 30. Àwọn náà pẹ̀lú St. Jude, ọsibítù jẹjẹrẹ ọmọdé tó wà ní Memphis ní Amẹ́ríkà, tún ní àwọn á máa pín oògùn ọ̀fẹ́, 2021 ni wọ́n kéde ẹ̀, owó $200 mílíọ̀nù, nígbà tí wọ́n máa ka orílẹ̀-èdè mẹ́fà àkọ́kọ́, Zambia wà níbẹ̀, Mongolia wà níbẹ̀, àwa ò sí níbẹ̀. Cancer Health Fund tiwa gan-an, owó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú jẹjẹrẹ, jẹjẹrẹ ọmú, ti ẹnu ilé ọmọ àti ti prostate ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọdé ńkọ́?

Bàbá Àlíyà, Zaria
Salam aleikum. Ọmọ Ọ̀fà, o ò parọ́, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bá Ìyá Ìbejì sọ̀rọ̀ ná.

Lùkímíà, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, ni tọmọ tèmi, ó lé ní ọdún méjì ká tó parí oògùn. Ní oṣù kẹta ìtọ́jú ara ẹ̀ ti yá, ó ń sáré kiri kọ́ńpáùn pẹ̀lú orí pípá, ìyá mi ní kí la tún ń fún ọmọ ní májèlé fún, owó ọkọ̀ náà sì ti tán lọ́wọ́ mi, bá a ṣe jókòó sílé nìyẹn fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Àfi bí fóònù ṣe dún láàárọ̀ ọjọ́ kan, sòṣà wọ́kà wọ́ọ̀dù ni, kò kí mi pàápàá, ó ní "Baba Aliya, ina yarinya?" (ọmọ náà dà?) Ojú tì mí. Ó ní kí n gbé e wá lọ́jọ́ náà, pé owó ọkọ̀ wà nínú èyí tí àwọn pátínà fi sílẹ̀, pé a ó rí ibi sùn.

Dókítà wa sọ fún mi lẹ́yìn ìgbà yẹn pé bí wọ́n ṣe ṣe é ní Recife ní Brazil nìyẹn. St. Jude ti Memphis yẹn ni pátínà tiwọn náà. Ní bíi 1980 sí 1989, nínú 100 ọmọ tó ní irú lùkímíà tọmọ mi, òbí 16 ló ń gbé ọmọ sá kúrò nídìí ìtọ́jú, àwọn tí ara wọn dá tí àìsàn ò padà ò ju 32 lọ. Wọ́n ṣe ilé tí àwọn ará oko á máa sùn, wọ́n kọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n ń wá ẹni tí kò bá yọjú lọ, nígbà tó fi máa di 2002, àwọn tó ń sá ò pé ẹyọ kan mọ́ nínú 100, àwọn tí ara wọn dá di 63. Mo wá ń rò ó pé èmi náà wà lára àwọn 16 yẹn tẹ́lẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Gwags
Ẹ ṣé Bàbá Àlíyà. @Ọmọ Ọ̀fà, tiwa náà ní ẹ̀rọ tí páálí wà lórí ẹ̀ 😂 Ẹ̀rọ á bàjẹ́, àmọ́ ohun tí wọ́n kọ́ mi ò lè bàjẹ́. Tọ́rọ̀ oògùn ni mi ò lè bá yín jà lé lórí, kẹ́mò ṣì ń wọ́n, àwọn òbí ṣì ń rà á fúnra wọn.

Ìyá Ìbejì, ẹ béèrè sòṣà wọ́kà lọ́la. Ẹ ra tẹ̀mómítà síbi tí ọmọ bá ń sùn, torí tó bá ti gba kẹ́mò tí ara ẹ̀ wá gbóná, kódà láàjìn, ẹ gbé e wá, ẹ má fún un ní agbo, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Kí àwọn ará ilé tètè wá fún un lẹ́jẹ̀ náà.

Ìyá Ìbejì Kubwa
Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ wa. Kẹ̀kẹ́ ṣì wà nílé o. A bi dókítà nípa fọ́ọ̀mù, ẹ̀rín ló ń rín, arákùnrin ṣọ́ọ̀ṣì náà wá ní àwa ò nígbàgbọ́. Wọ́n ti fún un ní kẹ́mò àkọ́kọ́ lọ́jọ́ Tuesday, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ti ń lọlẹ̀, lánàá ló béèrè mọ́ínmọ́ín fúnra ẹ̀, ó jẹ ìdajì. Ìyá ẹ̀ ló ń sùn lórí bẹ́ǹṣì. Sòṣà wọ́kà ní ibi sùn ti kún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ta ló mọ yàrá tí kò wọ́n lápá Garki tàbí Area 1?

Ọmọ Ọ̀fà Wuse
Mà, àǹtí mi ní BQ tó ṣófo ní Area 1. Ẹ jẹ́ n pè wọ́n, ẹ wo inbox yín.