PMF (ìṣirò tó ń pín eruku sí orísun tó ti wá) kò ya eruku ọyẹ́ kúrò lára eruku símẹ́ǹtì, kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kabba ni mo ti ń gba eruku PM2.5 (eruku kíkúnná tí kò ju máíkírómítà 2.5 lọ) sórí fílítà, láti ìgbà òjò wọ inú ọyẹ́. PMF yọ èéfín igbó jíjó sọ́tọ̀ dáadáa, torí pọtásíọ̀mù àti káábọ̀n dúdú jọ ń gòkè. Ṣùgbọ́n kálísíọ̀mù (àmì símẹ́ǹtì), sílíkọ̀nì àti alumíníọ̀mù (àmì eruku ọyẹ́) dì mọ́ra sójú kan. Mo fi orísun kún un, mo dín in kù, mo yí Fpeak (nọ́ńbà tí a fi ń yí èsì PMF po), pàbó! Ọ̀nà atẹ́gùn náà kò yanjú ẹ̀: ìlà oòrùn wa ni wọ́n ti ń lọ òkúta símẹ́ǹtì, àríwá ìlà oòrùn sì ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Ọmọ wa ló ń fa eruku yìí símú, ó yẹ ká mọ ibi tó ti ń wá. Ṣé kí n ṣe PMF ọjọ́ ọyẹ́ lọ́tọ̀ ni, àbí kí n fi ìpín kálísíọ̀mù sí sílíkọ̀nì de orísun símẹ́ǹtì nínú ME-2 (ètò ìṣirò tó ń jẹ́ ká fi òfin de orísun)?