Repeat, repeat: oògùn tí wọ́n ń kọ fún bàbá wa

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹni tó bá ní òbí àgbà tó ń lo oògùn ọpọlọ kó wá sọ tiẹ̀, èmi á fi ti bàbá mi ṣáájú.

Ọmọ ọdún 79 ni wọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣarán. Tó bá ti di aago méjì òru wọ́n á dìde, wọ́n á wọ bàtà, àwọn ń lọ sóko, oko tí wọ́n ti tà tipẹ́tipẹ́. A gbé wọn lọ sọ́sibítù kan n'Íbàdàn, wọ́n kọ haloperidol, oògùn ọpọlọ kan, 5mg láàárọ̀, 5mg lálẹ́, wọ́n fi Artane sí i kí ara wọn má bàa gan. Wọ́n sùn lóòótọ́ o, gbogbo ilé náà sùn, a dúpẹ́.

Nígbà tó máa fi di oṣù kẹta, bàbá ò lè de bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì wọn mọ́, itọ́ ń dà lẹ́nu wọn, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣubú ní bálùwẹ̀, àwa ṣáà ń sọ pé ogbó ni. Tá a bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, "ṣé bàbá ń sùn?", wọ́n ń sùn sà, ó kọ "repeat", ó tán. Oṣù mẹ́rìnlá gbáko!

Ọjọ́ tá a bá dókítà kan tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ pàdé, ó di ọwọ́ bàbá mú, ó ń ká a ní ìgbọ̀nwọ́, ọwọ́ yẹn ń há, ó ń tú, bíi kẹ̀kẹ́ tí ṣéènì ẹ̀ ti dógùn-ún. Ó ní haloperidol yẹn ló fà á, pé 0.5mg ẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ fún irú wọn, pé Artane gan-an ń da iyè àgbà rú, àti pé láti 2005 ni FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn l'Amẹ́ríkà, ti ń kìlọ̀ pé irú oògùn ọpọlọ yìí lè mú ikú yá fún àgbà tó ń ṣarán, wọ́n fi haloperidol náà kún un ní 2008. Díẹ̀díẹ̀ ló dín in kù, kò dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Lóṣù tó tẹ̀ lé e bàbá de bọ́tìnì fúnra wọn, ọ̀kan wọ ihò èkejì, wọn ò jẹ́ ká tún un ṣe.

Ẹnì kan fèsì: Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Ilé ìtọ́jú àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n fọwọ́ sí risperidone, oògùn ọpọlọ mìíràn, níbí fún àwọn tó ní Alzheimer, irú arán kan, tó ń bínú lu èèyàn, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni gbèdéke ẹ̀. Ṣé kì í kọjá bẹ́ẹ̀? Ó ń kọjá dáadáa, bí ẹbí ò bá ti béèrè.

Ẹlòmíràn fèsì: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dẹ́rù bà wá jù. Tìyá mi kì í ṣe arán, àtìgbà ọ̀dọ́ wọn ni àìsàn ọpọlọ ti ń bá wọn jà, abẹ́rẹ́ Modecate, oògùn ọpọlọ tí wọ́n ń gún fún wọn lóṣooṣù, ló mú kí wọ́n lè ta gààrí títí dé àádọ́rin ọdún. Èmi ni mo kà nǹkan lórí WhatsApp tí mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Oṣù mẹ́ta péré, ojú títì la ti lọ mú wọn.

Èmi tí mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tún rèé: Há, àbúrò, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Àwa náà ò tíì bọ́ o, bàbá ṣì ń jí lóru, agogo la so mọ́ géètì. Ẹ dúró ná, ó tún ti ń dún.