Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: obìnrin ni wọ́n fẹ́ fi ṣe Ṣàngó

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará, ẹ má bínú tọ́rọ̀ mi bá gùn, inú ló ń bí mi. Ìyáàlù bàtá ni mò ń lù nínú ẹgbẹ́ òṣèré kan níbí ní Ifẹ̀. Ọba Kòso la fẹ́ tún gbé jáde, eré Dúró Ládípọ̀ tó kọ́kọ́ jáde l'Óṣogbo ní 1963 tó sì gbé wọn dé Berlin ní 1964, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í ṣe eré kékeré. Gbogbo wa ti mọ ẹni tó máa ṣe Ṣàngó, ọkùnrin gìrìpá, tó bá lahùn gbogbo yàrá á mì. Àfi bí olùdarí wa ṣe dìde níbi ìrẹ̀hásà tó ní ọmọbìnrin kan tó ń gberin lẹ́yìn tẹ́lẹ̀ ló máa ṣe é. Obìnrin! Ta ló máa wá jẹ́ ọkọ Ọya? Aṣọ tí wọ́n ti wọn ọkùnrin yẹn fún ńkọ́, owó ọkọ̀ tí a ti dá ńkọ́, èmi tí mo máa lùlù tó máa jó sí, kò bi mí ní nǹkan kan. Ó ń ṣe mí bíi kí n gbé bàtá mi kí n máa lọ. Ṣé mo jẹ̀bi?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ẹ sọ ti aṣọ, ẹ sọ ti owó ọkọ̀, ẹ ò sọ bóyá ọmọ yẹn mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọmọ Modákẹ́kẹ́: Ẹ gbé ìlù yín jàre! Ọkọ Ọya, ọkọ Ọ̀ṣun, ọkọ Ọbà, ẹ wá lọ fi síkẹ́ẹ̀tì wọ̀ ọ́.

Alàgbà Ìrẹ̀mọ: Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti rí ẹlẹ́gùn Ṣàngó rí? Ọkùnrin ni, ó dirun, ó wọ yẹ̀rì, ìyàwó òrìṣà ni wọ́n ń pè é. Ta ló bá a jà? Ní Ifẹ̀ tí Lúwo ti jẹ Ọọ̀ni, obìnrin, lo ti ń pariwo síkẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ Modákẹ́kẹ́: Òrìṣà yàtọ̀ sí eré sà. Ládípọ̀ fúnra ẹ̀ ló ṣe Ṣàngó, ìyàwó ẹ̀ ló ṣe Ọya, báyẹn la ṣe bá a.

Alàgbà Ìrẹ̀mọ: Ládípọ̀ yẹn náà ni wọ́n bínú sí ní 1961 nígbà tó kó ìlù Yorùbá wọ orin Àjíǹde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ má fi orúkọ ẹ̀ dí ọmọ ọlọ́mọ lọ́nà.

Ará Lágéré: Èmi ọkùnrin ni mo ṣe Mọremí nílé ìwé wa, torí kò sóbìnrin níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú Olúorogbo lọ, ìyá mi ń sunkún láàárín èrò, ẹnikẹ́ni ò rántí pé mo nírùngbọ̀n.

Ẹni tó béèrè: Ìyá Ìbejì, ó mọ̀ ọ́n ṣe, mi ò ní parọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ìlù bá ti já lèjìká ẹ̀ ń já. Oríkì náà wà lẹ́nu ẹ̀, ọkùnrin yẹn máa ń gbàgbé tó bá kan ibi tí wọ́n ti ń rán Tìmì lọ Ẹdẹ. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò bi mí.

Ìyá Ìbejì: Ẹ pe olùdarí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kẹ́ ẹ bá a sọ̀rọ̀.

Ará Lágéré: Ẹ bá olùdarí yín sọ̀rọ̀ jọ̀ọ́.

Ẹni tó béèrè: A ò bára wa sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Sunday.

Ìyá Ìbejì: Ẹ lọ bá a nílé nígbà yẹn.

Ẹni tó béèrè: Ilé kan náà la wà. Ìyàwó mi ni.

Ọmọ Modákẹ́kẹ́: Háà! Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbé ìlù kankan o.

Ará Lágéré: Àtàárọ̀ lẹ ti ń pè é ní olùdarí wa!

Ẹni tó béèrè: Lẹ́nu iṣẹ́, olùdarí ni mo máa ń pè é, bó ṣe yẹ nìyẹn. Àwa méjèèjì la dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀, a máa ń jọ sọ nǹkan kó tó dé etí ẹlòmíì. Ó ní òun mọ̀ pé mi ò ní gbà, torí àbúrò mi lọkùnrin yẹn, ọmọ ìyá mi.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀hẹ́n.

Alàgbà Ìrẹ̀mọ: Fi àbúrò ẹ ṣe Gbọ̀ǹkáà. Ẹni tó máa ko Ṣàngó lójú nílò ohùn bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò sì pọ̀ tó ti Ṣàngó tó ń gbàgbé.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé bàbá. Àbúrò mi ni màá kọ́kọ́ pè, tó bá gbà, màá sọ fún ìyàwó mi lálẹ́ yìí. Àmọ́ mi ò ní bẹ̀ ẹ́, òun ló yẹ kó bẹ̀ mí.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣáà sọ̀rọ̀ sà.

Ọmọ Modákẹ́kẹ́: Èmi ṣì ní Ṣàngó kì í ṣe obìnrin o.