Kí ló dé tí iná Nàìjíríà àti ti Gánà kì í pàdé ní Sakété?

Olùbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá, wáyà iná alágbára ńlá (330 kV) láti Ìkẹjà West ní Èkó dé Sakété ní orílẹ̀-èdè Benin ti wà láti 2007. Kí ló dé tí wọ́n ṣì ń pín iná Kútọnu sọ́nà méjì, apá kan sórí Nàìjíríà, ìyókù sórí Gánà?

Èsì 1: Frequency ni, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń yí láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. 50 Hz ni gbogbo wa ń lò, àmọ́ ti Nàìjíríà kì í dúró lójú kan. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá wà ní 50.0, tí èkejì wà ní 49.6, sync-check, ẹ̀rọ tó ń wò ó bóyá iná méjèèjì bára mu, ò ní jẹ́ kí bírékà, ìyẹn súwíìṣì ńlá, so wọ́n. Ẹni tó bá fipá so ó, iná á ya lu wáyà, relay, ìyẹn ẹ̀rọ ààbò, á já a.

Èsì 2: Síso gan-an kọ́ ló le o, kó má já ni. Governor, ẹ̀rọ tó ń ṣàkóso ìyára àwọn tọ́báìnì tó ń pèsè iná, gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ kó lè ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, kí megawatt ìpamọ́, ìyẹn agbára iná tí a ò tíì lò, sì wà. Bí gáàsì tó ń yí tọ́báìnì ò bá tó, kí lẹ fẹ́ fi pamọ́?

Èsì 1: Òótọ́ ni. Ibùdó WAPP, àjọ tó ń so iná àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà pọ̀, ní Calavi ní Benin lè máa wo gbogbo wáyà iná tó kọjá ààlà, kò lè fi gáàsì sí tọ́báìnì.