Àpò píọ̀ wọ́tà ló kọ́ ọmọ mi ní àyọkúrò

Ìyá Ìbejì, Adó-Èkìtì

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi lórí bá a ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò nílé. Ìbejì ni mo bí, wọ́n wà ní prámárì kejì nígbà náà. Táyé á ti dáhùn kí èèyàn tó béèrè tán. Kẹ́hìndé, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, á máa wo òrùlé. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi jókòó tì í lálaalẹ́, pàṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo á kọ 20 − 4, á kọ 14. Mo á pa á rẹ́, á kọ 24. N kò ní purọ́ fún yín, mo nà án. Lálẹ́ ọjọ́ kan, kí n tó fọwọ́ kàn án rárá, ó ti tọ̀ sára. Ọmọ ọdún méje. Ó ń dùn mí di òní.

Mo ń ta ọjà kéékèèké níwájú ilé. Ní Sátidé kan mo lọ sí Ọjà Ọba, mo fi Kẹ́hìndé sílẹ̀ nídìí ọjà pẹ̀lú ìyá mi. Nígbà tí mo dé, mo ní, "Píọ̀ wọ́tà ńkọ́?" Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Màmá, wọ́n ra mẹ́rin, ó ku mẹ́rìndínlógún."

Mo kàn dúró. Ogún lomi tó ń wà nínú àpò kan. 20 − 4 tí mo torí ẹ̀ na ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn! Mo ní bí ẹnì kan bá tún ra méjì ńkọ́? Ó ní mẹ́rìnlá.

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: mẹ́rìndínlógún. Ogún tó dín mẹ́rin. Ìdáhùn ti wà nínú orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n "sixteen" ni wọ́n ń pè é nílé ìwé wọn, wọn kì í fẹ́ gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ọmọ níbẹ̀, sixteen kò sì sọ nǹkan kan fún un. Ọjọ́ yẹn ni pàṣán gun àjà.

A bá bọ́ sórí ẹyin. Kéréètì ẹyin, márùn-ún gba ibí, mẹ́fà gba ọ̀hún, ọgbọ̀n ni. Mo yí i po, mo ní mẹ́fà lọ́nà márùn-ún ńkọ́, márùn-ún lọ́nà mẹ́fà ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín, "Ẹyin kan náà ni, Màmá." Mo fi apá bo ìlà ẹyin mẹ́fà kan, ó ronú díẹ̀, ó ní mẹ́rìnlélógún. Mẹ́fà lọ́nà mẹ́rin nìyẹn, kò sì ka ẹyin kankan. (Ó fìka gún ọ̀kan fọ́. A dín in jẹ.)

Àmọ́ n kò ní tàn yín. Nígbà tá a kọjá ogójì, Yorùbá náà kó wa sí ìjàngbọ̀n. Mo ní kó kọ márùndínláàádọ́ta, ó kọ 55 dípò 45. Ó gbọ́ márùn-ún, ó gbọ́ àádọ́ta, ó pa wọ́n pọ̀. Bá a bá ti dé ibẹ̀ báyìí, òyìnbó la fi ń kà á.

Bàbá Àgbà, Ìkéré-Èkìtì

Ìyá Ìbejì, o ṣeun, ọmọ mi. Iṣẹ́ tíṣà ni mo fi fẹ̀yìntì. Nígbà tiwa, ọmọ kọ̀ọ̀kan á kó igi ìgbálẹ̀ àti ìdérí ìgò wá láti ilé, a ó di igi yẹn ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Bí mo bá ní 8 + 7, ọmọ á yọ méjì lára méje, á fi kún mẹ́jọ, ìdì kan pé. Márùn-ún ló ṣẹ́kù sílẹ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọmọ tí kò bá fojú rí bí mẹ́wàá ṣe ń di ìdì kan, tó wá há tébù ẹ̀yìn ìwé sórí, orin ló ń kọ. Ẹ bi í ní 7 lọ́nà 6 lójijì, á ní láti bẹ̀rẹ̀ orin látorí 7 lọ́nà 1.

Ayò ni mo fi ń kọ́ ọmọ ọmọ mi. Ilé méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin, 48. Kó tó bu ilé kan, ó gbọ́dọ̀ ti mọ iye tó wà níbẹ̀ àti ibi tí èyí tó gbẹ̀yìn máa bọ́ sí, nítorí méjì tàbí mẹ́ta la ń jẹ. Ó ti ń pè mí ní òpè báyìí.

Bàbá Tóbi, Ìkọ̀lé

Ẹ má bínú sí mi o. Pàṣán ni wọ́n fi kọ́ èmi ní tébù, mo sì mọ̀ ọ́n dé méjìlá. Àmọ́ títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní 7 lọ́nà 8, àyà mi á kọ́kọ́ já kí n tó sọ 56.

Ìyá Bọ́lá, Ìdó-Èkìtì

Ọmọ tèmi ń fìka kà. Tíṣà rẹ̀ ní kò gbọ́dọ̀ ṣe é mọ́. Mo wá rí i pé bàtà rẹ̀ ń mì nígbà tó bá ń ṣe ìṣirò. Ìka ẹsẹ̀ ló ń kà! Bàbá, ṣé kí n dá a dúró ni?

Bàbá Àgbà, Ìkéré-Èkìtì

Fi í sílẹ̀. Nígbà tó o bá ń dáná, bi í ní ìbéèrè mẹ́ta tó mọ̀ dájú, kó o wá ju ọ̀kan tí kò mọ̀ sáàárín wọn. Bí oúnjẹ bá ti jinná, ẹ pa ìwé dé. Ìka yẹn á fi í sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Adó-Èkìtì

Ẹ ṣeun, Bàbá. Prámárì kẹrin ni wọ́n wà báyìí. Táyé ṣì ń yára jù ú lọ. Àná ni Kẹ́hìndé sọ fún mi pé owó tí oníbàárà kan san fi àádọ́ta náírà dín. Èmi tí mo ti ka owó ọ̀hún, tí mo ti sọ ọ́ sínú agolo! Mo tú u dà sílẹ̀, mo tún un kà. Ó dín lóòótọ́.