Bí ẹgbàajì ṣe di ọ̀kẹ́ méjì ní kíláàsì mi

Àǹtí Pírámárì Kẹrin, Nyanya:

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi lórí bí òdo ṣe ń da àwọn ọmọ láàmú nínú nọ́ńbà ńlá. Mo pe nọ́ńbà fáwọn ọmọ mi kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: "four thousand and six". Ó lé ní ìdajì wọn tó kọ 40006. Kì í kúkú ṣe pé wọn ò gbọ́. Wọ́n gbọ́ ẹgbàajì, wọ́n kọ 4000. Wọ́n gbọ́ ẹẹ́fà, wọ́n lẹ 6 mọ́ ọn nídìí. Ẹgbàajì (4,000) bá di ọ̀kẹ́ méjì (40,000) lójú mi kedere. Mo fa ilé Th, H, T, U (ẹgbẹ̀rún, ọgọ́rùn-ún, mẹ́wàá-mẹ́wàá, ẹyọ) sójú bọ́ọ̀dù, wọ́n ní ó ti yé àwọn. Mo pe 3,050, wọ́n kọ 300050. Orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́.

Ọmọkùnrin kan wà láàárín wọn, ìyá ẹ̀ ń ta ẹ̀wà ní mudu lọ́jà. Bó o bá fún ọmọ yìí lówó, á ti fún ẹ ní ṣéńjì kó o tó ṣẹ́jú. Òun náà kọ 40006! Mo pè é síwájú, mo to abọ́ ike mẹ́rin sórí tábìlì, mo ní kó ka 4,006 náírà fún mi nínú owó tí a fi bébà gé.

Ó ní, "Àǹtí, kò sí náírà kan-kan níbí."

Òótọ́ ló sọ. Kọ́ìnì náírà kan tí wọ́n gbé jáde ní 2007, ta ló tún ń ná an? Mo fún un ní ìdérí ìgò mínírà mẹ́fà dípò ẹ̀. Ó kó ẹgbẹ̀rún mẹ́rin sábọ́ àkọ́kọ́, ó fẹ́ da ìdérí sínú èkejì. Mo ní ti ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ó sún sí ẹ̀kẹta, mo ní ti mẹ́wàá-mẹ́wàá nìyẹn. Ó dà á sí ìkẹyìn, ó wá dúró, ó ń wo abọ́ méjì tó ṣófo láàárín.

"Mélòó ló wà níbẹ̀?"

"Babu." "Kò sí" nìyẹn lédè Hausa.

Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ òdo síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. 4, 0, 0, 6. Láti ọjọ́ yẹn, babu lorúkọ òdo ní kíláàsì wa. Bí mo bá pe 7,020, ẹ máa gbọ́ wọn: "Méje, babu, méjì, babu!"

Bàbá Àrẹ̀mọ, Kubwa:

Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ba tèmi jẹ́. Iṣẹ́ àmúrelé ọmọ mi ní kó sọ iye tí 2 jẹ́ nínú 25,300. Mo ní, "Ọ̀kẹ́ kan ni." Ó kọ 1. Bíírò pupa bo ìwé náà. Irọ́ kọ́ ni mo pa o, ọ̀kẹ́ kan ni 20,000, ṣùgbọ́n ogún-ogún là ń kà nílé wa, ẹ̀wá-ẹ̀wá ni ìwé wọn ń kà.

Àǹtí Pírámárì Kẹrin:

Ẹ̀rín pa mí, Bàbá Àrẹ̀mọ! Ẹ má fi ọ̀kẹ́ sílẹ̀ o, ẹ kàn jẹ́ kó mọ̀ pé ọ̀kẹ́ kan yẹn, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ni. Àwa ti dé 200,000 báyìí, abọ́ mẹ́fà. Ìyá ẹlẹ́wà ló yá wa ní méjì tó kù, ó ní kí n má jẹ́ kó di ọjọ́ ọjà kí n tó dá a padà.